Orin Tó Ń Wo Ẹsẹ̀

Ògiri kan ló wà láàrin ẹ̀rọ ìránṣọ mi
àti yàrá tí Fọlárìn ti ń gbá géèmù.
Ní Kubwa níbí, lẹ́yìn ọjà,
ọdún mẹ́fà ni mo fi gbọ́ ogun tí n kò fojú rí.

Mo ti mọ̀ ọ́n tán.
Bí fèrè bá dá wà, tó ń rọra fẹ́
bí ẹni ń fẹ́ ẹ̀kọ gbígbóná,
ọmọ mi ń rìn nínú pápá, kò séwu.
Bí gòjé bá yọ́ wọlé, tó ń ha okùn rẹ̀ lábẹ́lẹ̀,
nǹkan kan ti rí i; òun ni kò tíì rí nǹkan náà.
Ìgbà náà ni mo máa ń dá abẹ́rẹ́ dúró.
Bí ìlù bá wá ya dé, tí irin ń lu irin,
ẹ má pe Fọlárìn wá jẹun.
Ẹ jẹ́ kó kú ná, tàbí kó là.

Mo máa ń bú u:
“Káàdì iná tí mo fowó bùbá rà lo fi ń jagun!”
Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ mi lórí ẹ̀rọ
ti ń bá ogun náà lọ tipẹ́.
Aṣọ ìyàwó kan ni mò ń rán lálẹ́ tó pàdé ọba ejò.
Ojú rírán rẹ̀ rí wọ́kọwọ̀kọ.
Mo tú u, mo tún un rán.

Ó bi mí lọ́jọ́ kan: “Màmá, ta ló ń tẹ̀ lé ta,
èmi ni mò ń tẹ̀ lé orin, àbí òun ló ń tẹ̀ lé mi?”
Mo ní olórin ní í ṣáájú, oníjó a tẹ̀ lé e,
bẹ́ẹ̀ la ṣe bá a láyé.
Ó rẹ́rìn-ín. “Èyí yàtọ̀. Ẹsẹ̀ mi ló ń wò.”
N kò dá a lóhùn.
Mò ń fi òwú bọ ojú abẹ́rẹ́.

Ó ti lọ sí Zaria báyìí, ó ń kàwé.
Ọyẹ́ dé, ètè ń là,
eruku ti gbé orí òkè pamọ́.
Lálẹ́ tí n kò rí iṣẹ́ rán, mo wọ yàrá rẹ̀,
mo tan tẹlifíṣọ̀n,
mo mú páàdì bí ẹni mú ẹyẹ tó fara pa.
Jagunjagun rẹ̀ wà níbi tó fi í sí,
létí odò, idà lẹ́yìn, ojú sí òdìkejì.
N kò mọ bí wọ́n ti ń rìn.
Àwa méjèèjì dúró.

Orin kọ́kọ́ kún bí ilé tí àlejò ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀.
Ó wò wá. Ó rí i pé a kò lọ síbì kankan.
Ni dùùrù bá dìde, ó lọ.
Gòjé lọ.
Ó ku fèrè, ó ku omi.
Kò kán mi lójú.
Ó dúró dè mí bí ọmọ tó dúró lẹ́nu ọ̀nà
nígbà tí ìyá rẹ̀ ń wá kọ́kọ́rọ́ nínú àpò.

Ẹni tó ṣe orin yìí, n kò mọ̀ ọ́n,
ṣùgbọ́n ó ti ro ti ẹni tí kò ní lè lọ.
Ó fi àyè sílẹ̀ fún un,
bí mo ti ń ká aṣọ sínú ìṣẹ́tí fún ọmọ tó ń dàgbà.

Mo tẹ bọ́tìnnì kan.
Ọmọkùnrin náà gbẹ́sẹ̀ kan,
okùn kan ṣoṣo dún.
Mo dúró, ó dákẹ́. Mo rìn, ó dé.
Mo bú sẹ́rìn-ín, èmi nìkan, bí wèrè.
Ibẹ̀ ni wọ́n ti múná lọ.

Jẹnẹrétọ̀ Alhaji Tanko bẹ̀rẹ̀ ní ojúlé kejì,
ohùn kan náà, kò wo ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni.
Mo pe Zaria nínú òkùnkùn.
“Fọlárìn, kí ló wà lódìkejì odò yẹn?”
Ó dákẹ́ fúngbà díẹ̀.
“Màmá, ṣé fèrè nìkan lẹ̀ ń gbọ́?”
“Fèrè nìkan.”
“Ẹ gba orí afárá. Ẹ má sáré.
Gòjé ni yóò kọ́kọ́ sọ fún yín.”