Eegun, Kì Í Ṣe Eégún

Ahọ́n Dókítà Sàmákì yọ̀ ní Sàríà:
"Màmá, eégún yín ti fúyẹ́."
Ìyá mi rẹ́rìn-ín, ọwọ́ ṣíṣẹ́ lórí itan:
"Eégún tiwa wà ní Ìlá, kò fúyẹ́.
Eegun ni kí o wí, ọmọ mi."

Láti ọjọ́ náà, Làràí aládùúgbò
ń gbé nónò kíkan wá láàárọ̀.
Ewé kúkà gbígbẹ di ọbẹ̀.
Ẹja wẹ́wẹ́ ń wọkòkò tòun teegun;
ìyá tó ti ń tu eegun dànù láti ìgbà ọmọge
ń rún un wómúwómú.

Kò tíì lè gbé korobá.
Ṣùgbọ́n lánàá, mo da àjẹkù nónò nù,
ó fi ọwọ́ náà gbá mi létí.

Ó dùn mí.
Mo dúpẹ́.