Iná Méjì Lórí Òrùlé

Ilé ọ̀gbìn wa kò ju yàrá méjì lọ:
ọ̀rá funfun tí a nà lé páìpù
lórí òrùlé alájà mẹ́ta ní Èbúté-Mẹ́ta.
Èéfín àwọn alápákó máa ń ti etí ọ̀sà gòkè wá kí wa láàárọ̀.
A ó wúkọ́, a ó bomi rin ata.

Oṣù kejì ni ewé bẹ̀rẹ̀ sí í ká.
Mo yí ọ̀kan padà. Wọ́n wà lábẹ́ rẹ̀ bí ọkà bàbà tó dà nílẹ̀,
wọ́n ti ẹnu bọ iṣan ewé, wọn ò wòkè.
Mo ní, "Iná ni."
Kúbúrátù ní, "Èwo nínú wọn?"

Ọkùnrin tó ń ta oògùn ní Múṣín kò béèrè èwo.
"Iná ni iná," ó wí, ó gbé ike kan lé mi lọ́wọ́.
Mo tún un sọ fún Kúbúrátù. Ó rẹ́rìn-ín:
"Iná ni iná lóòótọ́.
Ti fìtílà ń jẹ́ iná, ti igbó ń jẹ́ iná.
Ṣé èémí tó pa ti fìtílà ni wàá fẹ́ sí ti igbó?"

Ó bọ́ awò kékeré kúrò lọ́rùn,
awò tí ọkọ rẹ̀ fi ń tún aago ṣe kó tó kú,
ó ní kí n di ojú kan.

Wo tara kùkúńbà. Ó kúrú, ó rí roboto,
àwọ̀ rẹ̀ kì í dúró lójú kan:
òmíràn yẹ́lò, òmíràn dúdú bí epo mọ́tò.
Má wo àwọ̀. Wo ọ̀pá méjì tó yọ níbàdí rẹ̀,
dúdú kirikiri, bí ẹni pé a tì wọ́n bọ inú tàdáwà.
Èèrà a máa tẹ̀lé e kiri, a máa gbá a nídìí pẹ́pẹ́
títí yóò fi tọ oyin.

Tara ata ńkọ́? Ìbátan rẹ̀ ni,
ẹni tó ń kánjú kò ní mọ̀ ọ́n yàtọ̀.
Òun gùn díẹ̀. Ọ̀pá ìbàdí tirẹ̀ funfun ràndanràndan,
ṣónṣó orí rẹ̀ nìkan ló ṣú.
Wo iwájú orí, níbi tí ìwo ti hù:
kókó méjì tẹ̀ síra wọn
bí aládùúgbò tó fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.
Iwájú orí ti àkọ́kọ́, pẹrẹsẹ ni.

"Wọn ò wá ọkọ, àwọn méjèèjì.
Ọmọ wà nínú ìyá, ọmọ-ọmọ ti wà nínú ọmọ."
Bí ó ti ń sọ ọ́ ni mò ń ka ọjọ́ lọ́kàn.

Nítorí mi ò tíì jẹ́wọ́ fún un
pé mo ti fín oògùn Múṣín láti ọjọ́ Ajé.
Tara kùkúńbà kú, wọ́n gbẹ mọ́ ewé bí èèpá.
Tara ata mu ún bí ẹni mu tíì,
wọ́n nu ẹnu, wọ́n ń bímọ lọ.

Kúbúrátù bẹ̀rẹ̀, ó fi ìka tó tutọ́ sí
ṣa nǹkan kan lórí ọ̀rá:
agbọ́n kan, tín-ín-rín, kò tó orí abẹ́rẹ́,
irú èyí tó ń yé ẹyin sínú ikùn iná.
Ó ti kú. Ó gbé e lé àtẹ́lẹwọ́ mi,
ó tún da awò náà padà fún mi.

"Èyí ńkọ́? Èwo nìyí?"

Mi ò lè dá a lóhùn.
Nísàlẹ̀, ẹ̀rọ tó ń la pákó kò sinmi.