Ìpè Kejì

Ìwé ìrìbọmi náà ń rùn bí àpótí tí òjò ti pa.
Mo fìka tọ yíǹkì tó ti dà bí ìpẹtà:
Onésime Boisvert, àgbẹ̀, ará Saint-Ludger,
ó wọ ọkọ̀ ojú irin wá sí Biddeford
tòun tìyàwó, ọmọ mẹ́rin, àti àpò ọ̀dùnkún kan.

Akọ̀wé ilé iṣẹ́ òwú kò rí orúkọ náà pè.
Ẹnìkan ní, "Igi tútù ló túmọ̀ sí."
Ó bá kọ Greenwood.
Onésime kò mọ̀wé; ó fa àgbélébùú kékeré sídìí rẹ̀,
bí ẹni ń sàmì sójú oórì.

Igi tútù kì í tètè jó. Èéfín ló ń rú.

Euphémie: a bí i lóṣù kejì,
ó kú kí yìnyín tó yọ́.
Mo ṣí ewé: Euphémie mìíràn,
orúkọ kan náà, bóyá ẹ̀wù ìrìbọmi kan náà.
Ìyẹn ni ìyá ìyá mi,
tí kì í jẹ́ ìpè àkọ́kọ́ láéláé.
A rò pé etí rẹ̀ ló di.

Mo pe orúkọ náà lẹ́ẹ̀kan, mo dúró,
mo tún un pè.
Obìnrin tó ń nu àga ṣọ́ọ̀ṣì gbójú sókè:
"Ta lò ń pè?"