Ìdérí Kan, Kò Gbọdọ̀ Kún

Ọdẹ́tóyè, jókòó. Mú ìbọn náà wá síbi ìmọ́lẹ̀,
kì í ṣe lórí ẹní tí mò ń hun lọ́wọ́,
òróró rẹ̀ á ba ẹní oníbàárà jẹ́.
Kọ ẹnu rẹ̀ sókè àjà.
Má jẹ́ kó wò mí. Má jẹ́ kó wo ajá.
Ìbọn tí wọ́n ní kò sí nǹkan nínú rẹ̀
ló pa ajá Fátúyì nídìí ààrò
lọ́dún tí mo lóyún rẹ.

Èmi obìnrin ni mo ń wọn ẹ̀tù fún bàbá mi
nígbà tí ojú rẹ̀ ń ṣe bàìbàì.
Mo wà ní kíláàsì kẹrin, níbí ní Ògòtún.
Iye mi ń bínú. Bàbá ní, "Ọwọ́ rẹ̀ kì í gbọ̀n."
Ìdérí ìgò oògùn ikọ́ nìyí, ọ̀dà pupa rẹ̀ ti ṣí.
Ìdérí kan fún ọ̀yà, kò gbọdọ̀ kún.
Bí ọkàn rẹ bá ní kí o fi kún un,
rántí ìka tí kò sí lọ́wọ́ Ògúnmilúyì, ẹ̀gbọ́n mi:
ó da ẹ̀tù lẹ́ẹ̀kan, ó bá ẹni tó jẹ ẹ́ lówó sọ̀rọ̀ díẹ̀,
ó tún da òmíràn lé e.
Wọ́n ní ìbọn ló bẹ́.
Ọ̀rọ̀ ló bẹ́.

Nítorí náà, panu mọ́ bí o bá ń ki ìbọn.
Ẹ̀tù kọ́kọ́. Lẹ́yìn náà àgékù ẹní yìí.
(Kí lo rò pé mò ń kó o sínú agolo fún?)
Kì í. Bó bá dún kò, kò, ó ti jókòó.
Ọta. Àgékù ẹní mìíràn lé e,
kí ọta má baà yí jáde bí o bá ń sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè.
Wo ilà méjì tí mo fi ọ̀bẹ fà sára irin ìkibọn:
bí ti òkè bá bá ẹnu ìbọn dọ́gba, inú rẹ̀ ṣófo;
bó bá jẹ́ ti ìsàlẹ̀, ó ti jẹun.
Bí kò bá jẹ́ ọ̀kankan, gbé e kalẹ̀, pè mí.

Fi ìdí ìyẹ́ adìyẹ nu etí rẹ̀ bí ẹni nu etí ọmọ.
Fi awọ ewúrẹ́ bo òkúta ìbọn;
ìrì òkè wa kì í kan ilẹ̀kùn kó tó wọlé.
Ẹ̀tù ló ń mú ẹtu, bàbá mi a máa wí,
ohùn nìkan ló yà wọ́n.
Ẹ̀tù tó bá tutù, ẹtu á jẹko kọjá lójú rẹ.

Bu eérú dání. Fọ́n ọn sókè.
Ẹran tó wà níbi tí eérú fẹ́ sí
ti mọ orúkọ rẹ.
Bí o bá fà á, tó dún ṣá, tí kò bú,
má yọjú wo ẹnu rẹ̀. Dúró.
Ka àwọn mọ̀lẹ́bí wa láti orí àgbà,
ka àwọn tó ti kú mọ́ wọn,
kí o tó sọ ọ́ kalẹ̀.
Ẹyọ kan ṣoṣo lo ní. Kí o tó ki èkejì,
ìgalà ti dé Ìkọ́gòsì.

Èyí tó kù kò sí lára ìbọn.
Lóru ọjọ́ kan, lẹ́bàá oko kòkó,
bàbá mi rí ohun méjì tó ń dán nínú ewé.
Ó gbé ìbọn sójú. Ó ní ẹran ni,
ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dá a lójú.
Fẹ́rẹ̀ẹ́ yẹn ló dá a dúró.
Ó ń wò ó, ó ń wò ó,
ni ẹran bá wúkọ́.

Onímísì ni, alágbàṣe ará Ẹ̀bìrà,
bọ́tìnì ẹ̀wù rẹ̀ ló ń dán.
Bàbá kò sùn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́,
ó ra oògùn ikọ́ lọ́dọ̀ oníkẹ́míìsì,
ó gbé e lọ bá a, kò sọ ìdí.
Ọkùnrin náà mu ún tán, ó dá ìgò padà,
ó wẹ̀ ẹ́ mọ́, ó dé e dáadáa.

Ó yá, gbéra, òṣùpá á pẹ́ yọ.
Ìdérí mi ńkọ́?
Dá a padà láàárọ̀.