Ìparí Ọ̀sẹ̀ Àbẹ̀wò

Láti àná la ti ń nu fèrèsé.
Kì í ṣe pé ó dọ̀tí:
ẹni tó bá ń nu fèrèsé lè máa wo ọ̀nà,
kí Ìyá Dejid, alágbàtọ́ wa, má sì bá a wí.

Ilẹ̀ Mòǹgólíà níhìn-ín, kò sí igi kan lójú ọ̀nà.
Ohunkóhun tó bá ń bọ̀,
eruku rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ kí ọ.
A mọ eruku kà ju ìwé lọ:
ti ọkọ̀ akẹ́rù nípọn, ó fẹ̀ bí ìjà àgbà,
ti ẹṣin a máa fò, a máa já,
ti alùpùpù tín-ín-rín bí èéfín ìkòkò tábà.

"Tiwa nìyẹn," ni mo wí.
"Báwo lo ṣe mọ̀?" ni Purevee bi mí.
Wò ó, eruku náà dúró.
Ó ń rò ó wò.
Ó tún bẹ̀rẹ̀.
Alùpùpù bàbá mi nìkan ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ láyé yìí.

Ìyá mi kò kí mi.
Ó fi ọwọ́ méjèèjì di orí mi mú,
ó fimú fa iwájú orí mi bí a ti ń ṣe nílé,
ó fà á, ó tún fà á, ó ní:
"Ọṣẹ. Ọṣẹ ìjọba ló ń ta lórí ọmọ mi.
Èéfín ilé ti tán lára rẹ̀."
Èmi náà ti imú bọ apá aṣọ rẹ̀:
wàrà kíkan, irun àgùntàn,
imí màlúù gbígbẹ tí a fi ń dáná.

Solongo àbúrò mi, ọmọ ọdún méjì,
wò mí tìtì, ó sá sẹ́yìn ẹsẹ̀ bàbá.
"Ta nìyẹn?"
Ó dùn mí, n kò ní purọ́.
Mo ki ọwọ́ bọ àpò, mo yọ ṣúgà onígun
tí mo ti fi pamọ́ láti ọjọ́ Ajé.
Ó gbà á.
Títí ilẹ̀ fi ṣú, kò sọ̀ kalẹ̀ lẹ́yìn mi mọ́.

Wọ́n ní kí n kàwé fún àwọn.
Mo ka ojú ìwé kan gbáko, bàbá ti sùn lọ.
Ìyá ní kí n má dúró, òun ń gbọ́ tàwọn méjèèjì.
Ó wá kan tiwọn:
abo ẹṣin pupa ti bí, akọ ni.
Ìkookò kó àgùntàn mẹ́ta lọ.
Ajá wa ti darúgbó, etí rẹ̀ ti di,
atẹ́gùn ló kù tó ń gbó mọ́.

Purevee tún ń nu fèrèsé kan náà.
Àgùntàn wọn ń bímọ lọ́wọ́ nílé,
kò sẹ́ni tí wọn yóò fi wọ́n tì.
Bàbá mi jí, ó yọ fóònù lápò àyà.
"Mo gba ìdí àgọ́ yín kọjá lọ́jọ́bọ̀," ó ní. "Gbà."
Ohùn ìyá rẹ̀ ló wà nínú rẹ̀:
"Purevee, ọmọ mi, ṣé o ń..."
atẹ́gùn gba èyí tó kù lẹ́nu rẹ̀,
ọmọ àgùntàn kan ké, ẹnìkan jágbe mọ́ ọn.
Ó tán.
Ìgbà mẹ́sàn-án ló gbọ́ ọ.
Lẹ́ẹ̀kẹsàn-án ó bú sẹ́rìn-ín:
"Ọmọ àgùntàn yẹn! Mo mọ ohùn ìyá rẹ̀!"

Lálẹ́, bàbá sùn sórí bẹ́ẹ̀dì mi,
ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ síta bí ìtì igi nínú agbọ̀n.
Ó ń hanrun. Gbogbo yàrá ń kà á,
a kà á dé igba, oorun kó wa lọ.

Lọ́jọ́ Àìkú, eruku tín-ín-rín padà síbi tó ti wá.
Ó dúró lẹ́ẹ̀kan. Mo dìde.
Ó tún bẹ̀rẹ̀.

Lọ́jọ́ Ajé, Ìyá Dejid ń kó aṣọ ibùsùn fún fífọ̀.
Ó ka àpò ìrọ̀rí: mọ́kàndínlógún.
Ó wo mí. Ó wo abẹ́ ẹ̀wù mi, ibi tó wú.
Ó tún un kà, sókè, kí gbogbo ènìyàn gbọ́:
"Ogún. Ó pé."