Ojú Àwọ̀n

Wọ́n ní kí n kọ àkọsílẹ̀ ìpàdé
nítorí ìkọ̀wé mi ṣeé kà.
Mo kọ ọjọ́. Mo kọ "Etí Ọ̀sà, Àgbádárìgì".
Mo kọ orúkọ àwọn tó wá:
Máùsì, ayanjà, láti Àjàṣẹ́,
ọkọ̀ rẹ̀ rin wákàtí mẹ́ta lójú ọ̀nà wákàtí kan;
Bàbá Ògúnyọmí, àgbẹ̀, láti Ìpókíá;
tiwa ni Sẹ́wánù, olórí àwọn apẹja,
tí kò jókòó láti àárọ̀.

Ewé ló kó wa jọ.
Àdúrà tí àwọn àgbà ń gbà fún wa láti kékeré,
pé òjú oró ni yóò máa lékè omi,
ó ti gbà. Ó gbà kọjá bó ṣe yẹ.
Láti Tópò dé ẹnubodè
omi kò rí ojú ọ̀run mọ́.

Sẹ́wánù ní láti Àjàṣẹ́ ló ti ń ṣàn wá.
Máùsì ní rárá, odò Yewa ni kí ẹ bi.
Bàbá Ògúnyọmí wo àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀.
Ó ní ajílẹ̀ tí òun rà ní àwìn,
tí òun dà sídìí àgbàdo,
òjò kan péré ló gbé e lọ sódò.
"Àfàìmọ̀ kó má jẹ́ èmi ni mò ń bọ́ ewé yín."

Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń kọ ìdákẹ́jẹ́.
Mo fi ìlà kan sílẹ̀ lófìfo.

Máùsì wá fa àwọ̀n kan yọ nínú agbọ̀n,
ó fi ọmọńdinrín ìka rẹ̀ ti ojú rẹ̀,
ìka kò wọlé.
"Ẹja ò gba ìwé ìrìnnà.
Kò mọ ibi tí náírà parí sí.
Èyí tí ẹ fi èyí kó lọ́mọdé,
ọ̀dọ̀ mi ló ń bọ̀ wá dàgbà."
Kò dárúkọ ẹnikẹ́ni.
Gbogbo wa sì mọ ẹni tó ń ta kókó báyẹn.
Sẹ́wánù jókòó.

A fẹnu kò: ojú àwọ̀n, ìka mẹ́ta.
Ìlú mẹ́ta yóò kó ewé lọ́jọ́ kan náà,
Bàbá yóò gbé e lọ jẹrà sóko rẹ̀.
Ní ti owó epo ọkọ̀, ariwo ni. Ó di ìpàdé mìíràn.

Nírọ̀lẹ́, Sẹ́wánù mú àdá,
ó ṣáájú ọkọ̀ Máùsì, ó ń la ọ̀nà fún un.
Kí ó tó padà dé,
ewé ti pa ojú ọ̀nà náà dé.