Iná Tí Kò Ní Wáyà

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi gun òpó ní Kétu.
Mo mọ àwọn òpó ẹ̀yìn Àkábà Ìdènà
bí ẹní mọ eyín ẹnu rẹ̀:
èyí tó ń mì, èyí tí ikán ti jẹ,
èyí tí ẹyẹ ẹ̀gà gbà lọ́wọ́ wa pátápátá.
Bàbá Kùrán ni àwọn ọmọdé ń pè mí dòní,
bí mo tilẹ̀ ti dá àkàbà ilé iṣẹ́ padà
tí mo sì ti gba ìwé ìfẹ̀yìntì.

Ní báyìí, mò ń múra àtilọ wo iná kan
tí ẹnì kankan kò so mọ́ òpó.

Lúsíà ọmọ mi, tó ń tọ́jú arúgbó ní ìlú Tíróḿsò,
ló ní kí n wá lóṣù Kejìlá,
nígbà tí oòrùn ibẹ̀ kì í yọjú rárá.
"Bàbá, ó rí bí ewé tútù. Ó ń rìn.
Bí aṣọ téèyàn ń gbọ̀n kó tó sá a."
Mo ní, "Fọ́ótì mélòó ni?"
Ó rẹ́rìn-ín títí fóònù fi gé.

Ìwé àjákọ kan wà lábẹ́ ìrọ̀rí mi.
Mo kọ ọ́ síbẹ̀: físà. Tíkẹ́ẹ̀tì. Bàtà onírun.
Òṣùpá ò gbọdọ̀ kún lọ́sẹ̀ náà, mo ti wo kàlẹ́ńdà.
Kùrukùru:
èyí ni mi ò rí nǹkan kọ síwájú rẹ̀.

Àwọn tó ń fúnni ní físà bi mí ní Kùtọnu:
"Kí ló máa mú yín padà?"
Mo ní iṣu mi wà nínú ebè.
Wọ́n ní kí n lọ mú ìwé iṣu wá.

Lọ́jọ́ ọjà, mo lọ bá Bẹ̀nẹ̀dítà ẹlẹ́ja yìnyín,
mo ní kó jọ̀ọ́, kó ṣí fírísà.
Mo ki ọwọ́ bọ àárín ṣáwá dé ìgbọ̀nwọ́,
mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà.
Nígbà tí mo ka ọgọ́ta, ìka mi ti kú.
"Bàbá Kùrán, ṣé ẹ fẹ́ ra ẹja ni
àbí ẹ fẹ́ sùn síbẹ̀?"
Mo ra mẹ́ta, nítorí ojú.

Mo rí kóòtù nínípọn kan ní òkìrìkà Pọ́bẹ̀,
bọ́tìnnì mẹ́rin, ìkẹrin ò bá ẹgbẹ́ mu.
Tíkẹ́ẹ̀tì bọ́ọ̀sì ìlú kan tí mi ò lè pè wà nínú àpò rẹ̀.
Ó mọ ọ̀nà òtútù jù mí lọ.

Ìyá Lúsíà ní, "Owó páànù odidi ilé!
Bí kùrukùru bá wá bò ó ńkọ́?"
Mo dákẹ́.

Mi ò sọ ti Kúlémáǹtì fún un.
Àwa méjèèjì la jọ ń gùn, òun lọ́tùn-ún, èmi lósì.
Àwòrán iná yẹn wà lórí kàlẹ́ńdà kan ní ọ́fíìsì wa;
odidi ọdún, kò jẹ́ ká ya oṣù Kìn-ín-ní kúrò.
"Wò ó, iná tó ń jó lókè tí kò pa ẹnikẹ́ni."
Oṣù Kẹjọ, lẹ́yìn òjò, wọ́n ní àwọn ti pa iná.
Wọn ò tíì pa á.
Iná tí wọn ò pa ló pa á.

Lálẹ́ àná, iná lọ ní gbogbo àdúgbò.
Wọ́n ń kígbe láti ojúlé dé ojúlé: "Bàbá Kùrán o!"
Èmi wà lójúde nínú kóòtù mi,
nínú ọyẹ́, mò ń làágùn,
mo kọjú sí àríwá, sí ọ̀nà Ṣábẹ̀ẹ́,
níbi tí kò sí nǹkan kan
àyàfi igbó tí àwọn ọdẹ ń sun.

Láàárọ̀ yìí mo fẹ́ di páálí tí mo fi ya ẹsẹ̀ mi,
kí Lúsíà lè fi ra bàtà.
Ẹsẹ̀ méjì mìíràn ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi,
kékeré, èédú la fi yà wọ́n,
ọmọ-ìka ẹsẹ̀ òsì ya síta.
Ìyá Lúsíà ń gbálẹ̀. Kò wo ọ̀dọ̀ mi.
Mo padà sídìí ìwé àjákọ,
mo sọ gbogbo owó tó wà níbẹ̀ di ìlọ́po méjì,
mo jókòó, mò ń wá ibi tí màá ti rí i.